Fíìmù Kọ́bọ́ì Tí Bàbá Àgbà Fẹ́ Tún Wò

Kò sí ẹ̀rọ fídíò tó kú ní gbogbo Logbaba, àdúgbò wa ní Douala, ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí èmi Múfú ò lè jí dìde. Ẹ lọ béèrè. Bó bá ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì, bí àwòrán bá ń gbọ̀n, bí ohùn bá ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mo fi kọ́léèjì sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, kì í ṣe pé orí mi ò pé o, àwọn tíṣà yẹn ló ń falẹ̀ jù fún mi. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Pijin, mo gbọ́ Duálá débi tí wọ́n fi lè fún mi níyàwó, Yorùbá tí ẹ ń kà yìí náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwà ọ̀dẹ̀ ni mo hù níbẹ̀.

Bàbá àgbà mi ti lọ. A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, a ti ṣe ti ogójì. Láàárọ̀ ni wọ́n dákẹ́, ká tó kírun alásárì, erùpẹ̀ ti bò wọ́n. Èmi tí mi ò lè fara da ohun tó bá ń falẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ohun tó yá jù fún mi.

Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ò mọ orúkọ wọn. Pàpá Kọ́bọ́ì ni wọ́n ń pè wọ́n. Abọ́ tánganran ni Bàbá ń tà ní ọjà ńlá Marché Central, láti ìgbà tí Ràbí, ìyá mi, àkọ́bí wọn, ò tíì hu eyín. Ṣùgbọ́n abọ́ yẹn, ohun tí wọ́n fi ń jẹun lásán ni. Fíìmù kọ́bọ́ì ni Bàbá gbé sọ́kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí ọjà bá wà ní títì, tí wọ́n bá ti kírun àìlà, wọ́n á gbé tẹlifíṣàn sórí àpótí, wọ́n á ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Gbogbo Yorùbá tó wà nítòsí á wá, ará Ìnísà bíi tiwa, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn onígbàgbọ́ náà á ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ilé wa, Bíbélì lábẹ́ abíyá.

Faransé ni àwọn òyìnbó inú fíìmù yẹn ń sọ, Bàbá ò sì gbọ́ Faransé kọjá iye tí wọ́n ń ta abọ́. Síbẹ̀ àwọn ni ògbufọ̀. Wọ́n á dúró ti tẹlifíṣàn, igi pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ wọn. Bí kọ́bọ́ì bá ti la ẹnu, Bàbá á la tiwọn.

"Ó ní òun wá gba màlúù òun. Èkejì ní, màlúù wo? Ṣé èyí tí bàbá rẹ jí gbé? Háà! Ọ̀rọ̀ ti dé!"

Ìyá àgbà á ti ẹ̀yìn dáhùn. "Bàbá Ràbí, ọkùnrin yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ o. Ó ń jẹun ni."

"Ohun tó ń rò ni mò ń sọ, Ìyá Ràbí. Jẹ́ kó jẹun tán, wàá gbọ́."

Èmi gbọ́ Faransé, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni Bàbá ń pa fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, irọ́ wọn dùn ju òótọ́ àwọn òyìnbó yẹn lọ. Nígbà tó yá, mi ò fetí sí Faransé yẹn mọ́ rárá. Ohun tó ń dùn mí lónìí nìyẹn.

Bàbá ò mọ orúkọ fíìmù kankan. Orúkọ tiwọn ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n á mú bébà, wọ́n á kọ orúkọ náà ní ànjẹ̀mí, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà kéú kọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya bébà òyìnbó dànù.

Ọ̀kan wà tí Bàbá ń pè ní Ọkùnrin Tí Kì Í Kíni. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ tún un wò, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ló gun ẹṣin wọ ìlú, eruku bo fìlà rẹ̀, ó wọ ilé ọtí, kò kí ẹnì kankan, ó kàn jókòó. Kí oòrùn tó wọ̀, èèyàn méje ti kú. Gbogbo ilé á máa pariwo nítorí ìbọn, Bàbá á mirí.

"Ẹ ò rí ayé? Ká ní ó wí pé 'ẹ kúulé' nígbà tó wọlé ni, gbogbo wọn ì bá jẹun alẹ́."

Ìyá àgbà ní tiwọn, Opó Oníkànga. Obìnrin kan ni ọkọ rẹ̀ kú, tó fi kànga kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un ní aṣálẹ̀. Olówó kan tó ní màlúù bíi yanrìn fẹ́ gba kànga náà. Obìnrin yẹn gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, ó jókòó lórí ìdérí kànga, ọjọ́ mẹ́ta, kò dìde, ó ń sunkún, ó ń yìnbọn. Bàbá á ní obìnrin tó bá jókòó lórí omi, kò sí ọba tó lè ní kó dìde.

Ọ̀rọ̀ yẹn padà wá bá wọn. Nígbà tí làkíríìsì dé, bí gbogbo ayé ṣe ń pe ọdún ìnira yìí, ilé iṣẹ́ ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan ní Bonanjo, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì, àwọn akọ̀wé tó ń wọ táì ń bọ̀ wá ta aṣọ ara wọn ní ọjà, ta ló fẹ́ ra abọ́ tánganran? Bàbá ní àwọn fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá àgbà. Ìyá àgbà gbé ara wọn lé orí ẹ̀rọ náà gbàgà.

"Èmi ni opó oníkànga. Ẹ wá gbé mi kúrò."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Mo ṣì wà láàyè, o ti ń pe ara ẹ ní opó?"

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ọrùn wọn tó ti rù, bùbá tó ti ń fẹ̀ jù wọ́n lọ. "Ẹ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi, Bàbá Ràbí."

Bàbá àti Alfa wa náà jà lórí fíìmù yìí. Alfa wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. Wọ́n ní àwọn kèfèrí tí kì í wẹ̀ yìí, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n ń pa ara wọn, ni Bàbá, tí wọ́n ń pè ní Alájì, fi ń kọ́ ọmọ Mùsùlùmí. Bàbá ní, "Alfa, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti pín ogún." Alfa jókòó díẹ̀. Díẹ̀ yẹn pẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní kí Bàbá ṣèlérí: kásẹ́ẹ̀tì kọ́bọ́ì kan, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan, kí ìwọ̀n lè dọ́gba. Bàbá gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni pẹpẹ ilé wa ti kún fún wáàsí àti ìbọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ànjẹ̀mí lẹ́yìn gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèlérí náà, Alfa ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó yíjú padà.

"Alájì, ẹlẹ́ṣin dúdú yẹn, ṣé ó padà gba ogún ẹ̀?"

Èmi, mi ò lè ka ànjẹ̀mí. Wọ́n fi mí sílé kéú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò, mo gba fèrèsé jáde. Mo sọ fún Bàbá pé kọ́ńpútà ló ń bọ̀, pé kí wọ́n yéé fi lẹ́tà tó ń rìn sẹ́yìn dà mí láàmú. Bàbá ò nà mí. Wọ́n ń nu eruku kúrò lára abọ́, wọn ò tilẹ̀ wojú mi.

"Ẹni tí kò lè ka ohun tí bàbá rẹ̀ kọ, àlejò ni nílé bàbá rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ìkẹta nínú fíìmù Bàbá, òun ni olórí gbogbo wọn: Àgbà Tó Ń Relé. Darandaran kan ló ti darúgbó, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, ó ní òun fẹ́ lọ sílé, ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí. Ọ̀nà jìn. Àwọn ọlọ́ṣà gba gàárì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ dá lẹ́sẹ̀, kò yìnbọn pa á bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ńṣe ló ń fà á lọ. Wọ́n la odò gbígbẹ kọjá, òkúta nìkan ló wà nínú ẹ̀. Bí Bàbá bá dé ibi odò yẹn, wọn kì í pariwo mọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kéwú. Ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́, àgbà yẹn gun òkè kan, ó rí ilé kan tí iná ń jó nínú ẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jáde pẹ̀lú omi tútù nínú igbá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àbọ̀." Bàbá á gbá igi wọn mọ́lẹ̀. "Ó délé! Ẹ dá Ọlọ́run lóhùn!" Gbogbo ilé á ké Alihamudulilahi, àwọn onígbàgbọ́ á ké Halelúyà. Mo rí àwọn ọkùnrin ńlá tí wọ́n ń fi etí agbádá nu ojú. Ibi tí àwòrán àgbà yẹn ti ń gun òkè, Bàbá máa ń dúró sójú tẹlifíṣàn títí fíìmù á fi tán, ẹ̀yìn wọn la máa ń rí. Mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ọdọọdún ni Bàbá náà ń sọ pé àwọn ń lọ sílé, sí Ìnísà. Lẹ́yìn Iléyá ni. Iléyá á dé, ọjà ò tíì dá. Lẹ́yìn náà làkíríìsì dé, ọ̀rọ̀ wá yí padà, ẹni tí kò lọ nígbà tó ní, báwo ló ṣe fẹ́ lọ nígbà tí kò ní? Àwọn tó ń wá wo fíìmù ń dín kù. Ọ̀sẹ̀ kan, ará Ọ̀fà ò wá mọ́, wọ́n ti kó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn onígbàgbọ́. Ìyá mi alára kó ẹrù, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí Ìnísà. Mo kọ̀, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ mi ń lọ dáadáa. Bàbá fi ọwọ́ lé ìyá mi lórí, wọ́n ṣàdúà gígùn, nígbà tí ọkọ̀ gbéra, wọ́n wọlé, wọ́n gbé Àgbà Tó Ń Relé sí ẹ̀yìn pátápátá lórí pẹpẹ. Wọn ò fi hàn mọ́.

"Ta ni kí n túmọ̀ ẹ̀ fún? Ògiri?"

Ojú wọn ló tẹ̀ lé e. Awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì. Dókítà ní wọ́n lè ṣí i. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ parí síbẹ̀, ta ló fẹ́ ṣí ojú lọ́dún tí a ò rí ìrẹsì rà? Bàbá di ẹni tó ń jókòó sí iwájú tẹlifíṣàn tí kò rí i, èmi ni mo wá di ògbufọ̀. Iṣẹ́ yẹn ò bá mi lára mu. Mo máa ń fò ó.

"Wọ́n jà, wọ́n jà, olórí wọn kú, ó tán."

"Múfú, ẹni tó wà lórí òrùlé ńkọ́?"

"Ó kú náà, Bàbá."

"Kò tíì bọ́ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ṣé o ní ibi tí ò ń sáré lọ tó ju ibi tí mò ń lọ?"

Ẹ wá gbọ́ ìwà ọ̀dẹ̀ tí mo wí. Ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kan báyìí tí gbogbo Douala ń retí. Iná lọ ní ìdajì Logbaba, ó kù sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ní màá gba bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kò níná á wá máa bẹ̀ mí. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ò sí. Mo wo pẹpẹ Bàbá. Mo rí ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, eruku ti bò ó, ànjẹ̀mí gígùn lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní wáàsí ni. Ta ló ń gbọ́ wáàsí yẹn? Mi ò fi sínú ẹ̀rọ wò. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti wò ó. Mo gba bọ́ọ̀lù lé e lórí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jẹ́ ọba ní àdúgbò.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Bàbá dùbúlẹ̀, wọn ò lè jókòó mọ́. Lọ́sàn-án kan, èmi àti Ìyá àgbà nìkan la wà pẹ̀lú wọn.

"Múfú. Ó wù mí kí n tún Àgbà Tó Ń Relé wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, apá ọ̀tún. Kò sí èyí tó ní eruku tó o."

Mo ṣì ń na ọwọ́, mo ti mọ̀. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo rántí ariwo pápá, mo rántí bí mo ṣe ń fò sókè. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà yẹn! Mo fa Opó Oníkànga yọ, mo kì í sínú ẹ̀rọ, mo yí ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Ohùn ẹ̀rọ ò já gaara lónìí, Bàbá. Màá máa sọ ọ́ fún yín."

Àwòrán jáde. Ìyá àgbà rí i, obìnrin tó jókòó lórí kànga. Wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n fa aṣọ bo ẹsẹ̀ Bàbá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ló rí mi, mi ò fo ibì kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kú, mo sọ gàárì, mo sọ ẹsẹ̀ ẹṣin, mo sọ òkúta inú odò níkọ̀ọ̀kan, bí Bàbá fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́. Láàárín ọ̀rọ̀ ni ẹkún bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, tín-ń-rín báyìí.

"Ta ló ń sunkún?" Bàbá ní.

"Ará ilé kejì ni, Bàbá. Ìyàwó ẹ̀."

"Hẹn."

Mo tẹ̀ síwájú, òógùn ń sàn lẹ́yìn mi. Mo gun òkè yẹn pẹ̀lú àgbà náà, mo dé ilé, mo gbé omi tútù jáde nínú igbá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àbọ̀." Mo ní, "Ó délé, Bàbá." Ìyá àgbà sọ Alihamudulilahi wẹ́lẹ́ wẹ́lẹ́. Bàbá mirí lórí ìrọ̀rí.

"Kò délé."

"Bàbá?"

"Ọkùnrin yẹn ò délé rí. Orí òkè yẹn ló kú sí, ẹṣin rẹ̀ dúró tì í. Èmi ni mò ń sọ pé ó délé. Ogún èèyàn jókòó síwájú mi, gbogbo wọn jìnnà sílé, ṣé kí n wá sọ fún wọn pé kò délé?"

Ẹkún yẹn ṣì ń jáde nínú ẹ̀rọ. Bàbá yíjú sí ògiri.

"Pa ẹ̀rọ yẹn, Múfú. Jẹ́ kí obìnrin orí kànga yẹn sinmi."

Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin. Mi ò jẹ́wọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n tún lò láyé, ojoojúmọ́ ni mò ń wí pé lọ́la. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, Ìyá àgbà pè mí lóhùn kan tí mi ò gbọ́ rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá fíìmù yẹn kiri Douala. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Marché Central. Ó ní kí ni àkọlé ẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Orúkọ tí Bàbá sọ ọ́ nìkan ni mo mọ̀, bébà òyìnbó ara ẹ̀ ti di yíya láti ogún ọdún. Mo ní àgbà kan ni, ẹṣin, odò gbígbẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Mon petit, ọmọ yìí! Àgbà, ẹṣin, eruku? Gbogbo wọn náà nìyẹn!"

Mo ti wò tó ogójì. Ẹṣin ń wọ ojú mi lóorun. Ọ̀kan ní odò, kò ní òkè. Ọ̀kan ní òkè, ọmọdé ló gùn ún. Ìyá àgbà ti di ẹrù, wọ́n ń lọ sí Ìnísà ní ọjọ́rú, wọ́n ní kí n fi òkú fíìmù sílẹ̀ kí n wá ká jọ lọ. Mo ní màá lọ tí mo bá rí i. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sínú àpò, wọ́n so ó.

Ohun tó ń pa mí gan-an nìyí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí àgbà yẹn bá délé lóòótọ́ nínú fíìmù, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí Bàbá bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, wọ́n fi gba ilé tí àgbà yẹn dé lọ́wọ́ mi bí mo ṣe gba fíìmù lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sì délé, á jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbá igi mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ké "ó délé," wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń délé, àwọn nìkan ni wọ́n sì gbé e mọ́ra ní gbogbo ọdún yẹn. Èwo ni kí n bẹ Ọlọ́run fún?

Akọ̀wé kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Bonanjo yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láàárọ̀ yìí, mo gbọ́dọ̀ dá wọn padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ ni iná ò ti sí, òun ni mo ṣe rí àyè kọ gbogbo èyí. Méjì nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ olójú kíkan ló wà lára páálí ẹ̀. Ìkẹta, àgbà kan ni, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń fa ẹṣin, kò sí gàárì lẹ́yìn ẹṣin náà.

Iná ti dé. Mo gbọ́dọ̀ lọ wò ó.